ÀFÒMỌ́ ÀTI ÀLEJÒ ORÍ IGI
Bí a ṣe ń dá ọ́kíìdì mọ̀ yàtọ̀ sí àfòmọ́ lóko obì àti kòkó, àti bí ìdílé ọ́kíìdì ṣe tàn ká ilẹ̀ Éṣíà àti ilẹ̀ Áfíríkà

Nígbà tí igi obì tàbí igi kòkó bá ti dàgbà, ó ṣọ̀wọ́n kí a má rí ewéko mìíràn tí ó gun orí ẹ̀ka rẹ̀ jókòó. Àwọn kan ní òdòdó pupa, àwọn kan ní òdòdó funfun, àwọn mìíràn kì í sì í tanná rárá. Orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fi ń pe gbogbo wọn, èyí nì ni àfòmọ́. Orúkọ kan náà yìí a máa kó àgbẹ̀ sínú àdánù, nítorí pé àwọn ewéko wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ìwà wọn kò sì jọra.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àdánù náà ń gbà wọlé. Èkínní, àgbẹ̀ a máa gé ẹ̀ka tí ó ń so dáradára sọnù nítorí ewéko tí kò ṣe igi náà ní ibi kankan. Èkejì, òmíràn a máa fi àfòmọ́ tòótọ́ sílẹ̀ nítorí pé òdòdó rẹ̀ wu ojú, títí tí ẹ̀ka yóò fi gbẹ. Ẹ̀kẹta, ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà lóko rẹ̀ kò lè mọ iye tí ó tọ́ sí i nígbà tí oníṣòwò bá wá béèrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí.

OLÈ ÀTI ÀLEJÒ

Àwọn baba wa máa ń pa á lówe pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ni ó ń bá tan. Òtítọ́ ni òwe náà, nítorí pé àfòmọ́ kì í ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó burú ju gbòǹgbò lọ. Bí kóró rẹ̀ bá hù lórí ẹ̀ka, yóò ti ẹnu bọ inú igi náà, yóò gún èèpo já, yóò sì so mọ́ ojú ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè láti inú ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, omi àti iyọ̀ ilẹ̀ tí igi obì fà fún ara rẹ̀ ni àfòmọ́ yóò máa mu. Ewé tútù rẹ̀ lè dá oúnjẹ díẹ̀ sè nínú oòrùn, ṣùgbọ́n omi olómi ni ó fi ń sè é. Apá ẹ̀ka tí ó kọjá ibi tí àfòmọ́ jókòó sí ni yóò kọ́kọ́ rù, tí yóò sì gbẹ nígbà tí ó bá yá.

Irú àfòmọ́ méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí obì àti kòkó ní apá ilẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ọ̀kan ní Tapinanthus bangwensis, wọ́n sì ń pe èkejì ní Phragmanthera incana. Ọmọ ewé ti èkejì yìí ní irun wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n bí ìpẹtà irin. Àwọn ẹyẹ kéékèèké ni ó ń gbìn wọ́n. Ẹyẹ a jẹ èso rẹ̀, kóró inú rẹ̀ a sì máa lẹ̀ bí àtè, tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka níbi tí ẹyẹ bá ti nu ẹnu tàbí tí ó ti yàgbẹ́. Oko tí oòrùn ń pa jù, tí kò ní igi ìbòòji, ni àfòmọ́ fẹ́ràn jù lọ.

Ọ́kíìdì yàtọ̀ pátápátá. Àlejò ni, kì í ṣe olè. Ó ń gbé lórí igi, ṣùgbọ́n kò jẹ nínú oúnjẹ onílé, kò sì mu nínú omi rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kàn lẹ̀ mọ́ èèpo lóde ni. Awọ funfun kan tí ó dàbí kànìnkànìn ni ó bo gbòǹgbò náà, awọ yìí ni ó sì ń mu omi òjò àti ìrì. Ohun tí ó bá jẹrà sórí èèpo, bí ewé àti ekuru, ni ó fi ń ṣe ilẹ̀dú. Ibi ìjókòó nìkan ni ó tọrọ lọ́wọ́ igi.

BÍ Ẹ Ó ṢE DÁ WỌN MỌ̀

1. Ẹ wo ibi tí ewéko náà gbé so mọ́ igi. Bí ibẹ̀ bá wú bí kókó, tí igi ewéko náà àti igi obì sì di ara kan, àfòmọ́ ni. Bí ẹ bá rí gbòǹgbò funfun tàbí aláwọ̀ eérú tí ó rìn lórí èèpo, tí ẹ lè fi ìka ṣí i kúrò láìsí ọgbẹ́, àlejò ni.

2. Ẹ wo ewé rẹ̀. Ewé ọ́kíìdì orí igi sábà máa ń nípọn bí awọ, tàbí kí ó tò ní ọ̀wọ́ méjì bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìdí wíwú aláwọ̀ ewé, bí ọmọ iṣu kékeré, tí wọ́n fi ń tọ́jú omi de ọ̀gbẹlẹ̀. Àfòmọ́ kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀ka onígi bí ti igi kékeré.

3. Ẹ wo òdòdó rẹ̀. Ti àfòmọ́ dàbí ọ̀pá tóóró, ó sì sábà máa ń pọ́n. Ti ọ́kíìdì ní ewé òdòdó mẹ́fà, mẹ́ta lóde àti mẹ́ta nínú, ọ̀kan nínú àwọn ti inú sì yàtọ̀ sí àwọn ìyókù. Ìyẹn ni a ń pè ní ètè rẹ̀, níbi tí kòkòrò ń bà lé.

4. Ẹ wo èso rẹ̀. Èso àfòmọ́ jẹ́ èso rírọ̀ tí ó ní kóró kan, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Èso ọ́kíìdì tí ó máa ń wà lórí igi jẹ́ pádi gbígbẹ. Bí ó bá là, kóró inú rẹ̀ yóò fò jáde bí eruku.

5. Ewéko tí kì í tanná rárá, tí ẹ̀yìn ewé rẹ̀ ní ẹtu aláwọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe àfòmọ́, kì í sì í ṣe ọ́kíìdì. Àlejò ni òun náà. Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ bá gbin ọ̀dán sórí igi yín, ẹ tètè fà á tu, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì fún igi náà pa.

ÌDÍLÉ, AGBOOLÉ ÀTI ỌMỌ ILÉ

Kí a tó sọ ibi tí ọ́kíìdì tàn dé, ó yẹ kí ẹ mọ bí àwọn onímọ̀ ewéko ṣe ń to ewéko. Kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye rẹ̀. Bí a ti ní ìdílé ńlá, tí ìdílé ní agboolé, tí agboolé sì ní àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tò ó. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ni ó fi ìlànà orúkọ méjì múlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1753. Orúkọ ìṣáájú ni ti agboolé, èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ti ọmọ.

Ẹ wo obì tí ẹ ń tà ní Ṣàgámù. Obì gbànja, aláwẹ́ méjì, ni Cola nitida. Obì àbàtà, tí awẹ́ rẹ̀ ju méjì lọ, ni Cola acuminata. Agboolé kan náà ni wọ́n ti wá, ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kòkó ń jẹ́ Theobroma cacao. Agboolé mìíràn ni tirẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó sì ti wá, ṣùgbọ́n inú ìdílé ńlá kan náà ni òun àti obì wà. Orógbó ń jẹ́ Garcinia kola. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà lè rò pé ọmọ ilé obì ni, bẹ́ẹ̀ ìdílé mìíràn gbáà ni. Ẹ kò rí i pé orúkọ nìkan kò tó láti fi mọ ẹbí?

Ìdílé ọ́kíìdì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ewéko tí ó tóbi jù lọ láyé. Agboolé rẹ̀ ju 700 lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tó bí 28,000. Àwọn onímọ̀ pín in sí ẹ̀ka márùn-ún. Àwọn àmì tí wọ́n fi ń pín in ni bí òdòdó ṣe gbé ẹtu rẹ̀ ró, iye apá tí ń mú ẹtu náà wá, àti bí ewé àti ìdí rẹ̀ ṣe rí. Láti bí ọdún 1990 wá, wọ́n tún ń yẹ ohun ìjogún inú ara ewéko wò, èyí sì ti mú kí wọ́n kó àwọn ọmọ kan kúrò ní agboolé kan lọ sí òmíràn. Ọ́kíìdì tí orílẹ̀-èdè Síńgápọ̀ yàn ní ọdún 1981 láti jẹ́ òdòdó orílẹ̀-èdè wọn ń jẹ́ Vanda Miss Joaquim tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n inú agboolé Papilionanthe ni wọ́n kà á sí nísinsin yìí. Òdòdó náà kò yí padà, ìmọ̀ nípa ẹbí rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i.

ÀWỌN AGBOOLÉ TÍ Ó WÀ NÍ ÉṢÍÀ TÍ KÒ DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ilẹ̀ olóoru ti Éṣíà ni ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ọ́kíìdì gbé pọ̀ jù lọ láyé. Àwọn agboolé kan wà níbẹ̀ tí a kò lè rí nínú igbó wa rárá.

Dendrobium ni èkínní. Olof Swartz ni ó sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní ọdún 1799. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì ni ohun tí ń gbé lórí igi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ju 1,000 lọ. Wọ́n tàn láti Íńdíà àti ìdí òkè Himalaya dé Jàpáàn, wọ́n sì gba Filipínì àti Niu Gíní kọjá dé Ọsirélíà. Ìdí rẹ̀ máa ń gùn bí ìrèké tẹ́ẹ́rẹ́.

Phalaenopsis ni èkejì, tí Carl Blume fún ní orúkọ ní ọdún 1825. Òdòdó rẹ̀ dàbí labalábá tí ó na ìyẹ́. Íńdíà, Indonéṣíà àti Filipínì wà lára ibi tí ó ti ń hù. Ẹ̀kẹta ni Vanda, tí kò ní ìdí wíwú, tí ewé rẹ̀ tò ní ọ̀wọ́ méjì, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì gùn, tí ó rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Coelogyne àti Cymbidium tún wà níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbàgbé Paphiopedilum, tí ètè òdòdó rẹ̀ dàbí iwájú bàtà. Nínú igbó olóoru ti Áfíríkà, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ẹ̀ka oníbàtà yìí.

ÀWỌN AGBOOLÉ TÍ Ó WÀ LỌ́HÙN-ÚN TÍ Ó SÌ WÀ NÍHÌN-ÍN

Àwọn agboolé mìíràn ní ilé sí ìhà méjèèjì òkun. Bulbophyllum ni ó tóbi jù nínú wọn, ó sì wà lára àwọn agboolé ewéko tí ó tóbi jù lọ láyé, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ tó bí 2,000. Niu Gíní ni wọ́n gbé pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú igbó wa pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ kékeré a máa tò lé ara wọn lórí èèpo bí ìlẹ̀kẹ̀, ewé kan tàbí méjì a sì máa wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Polystachya náà wà ní ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n Áfíríkà ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Eulophia, Habenaria àti Nervilia kì í sábà gun igi. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń hù sí, ní Éṣíà àti lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ń fi iṣu kékeré wọn sùn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Vanilla, tí ó ń fà bí ìtàkùn, wà ní Éṣíà, ní Áfíríkà àti ní Amẹ́ríkà.

Àwọn agboolé kan sì wà tí a lè pè ní ti Áfíríkà gan-an. Ansellia, tí òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú tí ó ní àmì bí ara ẹkùn, kò sí ní ibòmíràn. Graphorkis wà ní Áfíríkà àti àwọn erékùṣù Madagásíkà. Ó fẹ́ràn orí ọ̀pẹ, gbòǹgbò rẹ̀ a sì máa nà sókè bí ìtẹ́ ẹyẹ. Calyptrochilum àti Angraecum náà ń gbé lórí igi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI TÀN BẸ́Ẹ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé bí kóró ọ́kíìdì bá fúyẹ́ bí eruku, tí afẹ́fẹ́ sì lè gbé e lọ jìnnà, kí ni ó dé tí Dendrobium kò fi dé ọ̀dọ̀ wa? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí kóró balẹ̀ yàtọ̀ sí kí ó hù. Kóró àgbàdo ní oúnjẹ nínú tí èhù yóò kọ́kọ́ jẹ. Kóró ọ́kíìdì kò ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Nínú igbó, olú wẹ́wẹ́ kan gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ kí ó sì bọ́ ọ kí ó tó lè hù. Bí ó bá sì hù tán, ó tún nílò kòkòrò tí ó mọ ọ̀nà òdòdó rẹ̀, nítorí pé ẹtu ọ́kíìdì dì pọ̀ bí ìda, afẹ́fẹ́ kò lè fẹ́ ẹ. Nítorí náà kóró lè rékọjá òkun, kí ó sì kú nítorí pé kò bá olú àti kòkòrò rẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí ó wà láàrin wa àti Éṣíà pẹ̀lú jẹ́ odi fún ewéko tí ó fẹ́ ọ̀rinrin.

Síbẹ̀, àwọn kan rìn jìnnà. Oeceoclades maculata, tí ń hù ní ilẹ̀ lábẹ́ ìbòòji igi, ti ilẹ̀ Áfíríkà wa dé Amẹ́ríkà. Ó sì ti di onílé níbẹ̀ báyìí.

Ohun mìíràn tí ẹ rí kọ́ nínú èyí ni pé igbó tí a bá gé tán kò rọrùn láti dá padà. Bí ọ́kíìdì bá tán ní ibì kan, kì í ṣe kóró nìkan ni a ó wá. A ó tún wá olú rẹ̀, kòkòrò rẹ̀ àti ìbòòji rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ní Táílàńdì, àwọn àgbẹ̀ ń gbin Dendrobium fún òdòdó gígé, wọ́n sì ń tà á sí òkè òkun. Kì í ṣe inú igbó ni wọ́n ti ń ká a. Lewis Knudson, ọmọ Amẹ́ríkà, fi hàn ní ọdún 1922 pé a lè mú kóró ọ́kíìdì hù nínú ìgò pẹ̀lú ṣúgà, láìsí olú. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbin ọ́kíìdì títà nínú ìgò àti nínú ilé ìbòòji. Nítorí náà, bí àjèjì kan bá wá sí abúlé, tí ó ní kí ẹ fi àpò kó ọ́kíìdì igbó wá fún owó díẹ̀, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1973, kan ìdílé ọ́kíìdì lápapọ̀, Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà. Ẹni tí ó bá kó ọ́kíìdì igbó kọjá ẹnubodè láìní ìwé àṣẹ ń rú òfin.

Fànílà tí wọ́n ń fi sínú àkàrà òyìnbó àti wàrà dídì jẹ́ ọ́kíìdì pẹ̀lú. Vanilla planifolia ni orúkọ rẹ̀, agbègbè Mẹ́síkò ni ó sì ti wá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ó tanná ṣùgbọ́n kò so, nítorí pé kòkòrò rẹ̀ kò bá a lọ. Ní ọdún 1841, ní erékùṣù Réunion, ọmọdékùnrin ẹrú kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, Edmond Albius, rí ọ̀nà kíákíá láti fi igi tínínrín àti àtàǹpàkò so akọ òdòdó pọ̀ mọ́ abo. Ọ̀nà yìí ni àwọn àgbẹ̀ ṣì ń lò ní Madagásíkà, ní Ùgáńdà àti ní Indonéṣíà.

A kò sọ èyí kí ẹ lè sáré lọ gbin fànílà. Òdòdó rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ, ọwọ́ ènìyàn sì gbọdọ̀ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pádi rẹ̀ ń gba bí oṣù mẹ́sàn-án kí ó tó gbó, àtisá àti àtibò rẹ̀ sì ń gba oṣù púpọ̀ sí i. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní in lọ́kàn, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò rà á, kí ẹ gbin díẹ̀ wò lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ má sì fi oko obì tí ń bọ́ yín ṣe ìdánwò.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE LÓKO

1. Ẹ máa yẹ igi yín wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán, pàápàá nígbà tí àfòmọ́ bá tanná, tí ojú lè tètè rí i.

2. Ẹ gé àfòmọ́ kí ó tó so. Ẹ fi ayùn gé ẹ̀ka náà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìsàlẹ̀ ibi tí àfòmọ́ so mọ́, ní ìhà ìdí igi, nítorí pé ẹnu rẹ̀ máa ń rìn nínú igi kọjá ibi tí ojú rí. Ẹ má ṣe ya ẹ̀ka náà ní ọwọ́, kí èèpo má baà bó.

3. Bí ó bá jẹ́ ara igi gan-an ni ó wà, tí a kò lè gé igi náà, ẹ máa ṣẹ́ ẹ nígbàkígbà tí ó bá rú, kí ó má rí àyè so èso.

4. Ẹni tí ó bá wá ká àfòmọ́ fún egbòogi kò gbọdọ̀ já ewé rẹ̀ nìkan lọ. Ẹ jẹ́ kí ó gé e pẹ̀lú ẹ̀ka, nítorí pé ìdí tí ó kù yóò tún rú.

5. Ẹ fi ọ́kíìdì sílẹ̀ lórí ẹ̀ka obì. Ṣùgbọ́n bí ó bá bo ara igi kòkó níbi tí òdòdó kòkó ti ń yọ, ẹ fi ọwọ́ ṣí i kúrò jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe lo àdá, nítorí pé ojú tí ó bá gba ọgbẹ́ lè má tanná mọ́, àrùn sì ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Ẹ lè fi okùn so ọ́kíìdì náà mọ́ ọ̀pẹ tàbí igi ìbòòji.

6. Bí ẹ̀ka tí ó ti jẹrà bá ru ẹrù ọ́kíìdì púpọ̀, ẹ̀ka jíjẹrà náà ni ẹ̀bi wà fún. Ẹ gé e kí ó má baà wó lu èyí tí ó yè.

7. Ewéko tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ká ẹ̀ka kan pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàrin ìwé ìròyìn kí ó gbẹ, kí ẹ sì mú un tọ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ yín lọ. Ilé Ìwádìí Igbó ní Ìbàdàn ní àkójọ ewéko gbígbẹ tí a lè fi wé e. Ọ̀rọ̀ àrùn obì àti kòkó sì ni iṣẹ́ Ilé Ìwádìí Kòkó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, tí ó wà ní Gámbàrí lẹ́bàá Ìbàdàn.

Àfòmọ́ kò mọ ààlà oko. Bí ẹnìkan bá gé tirẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀, ẹyẹ yóò tún gbé e padà wá láàárín ọdún kan. Nítorí náà iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni iṣẹ́ yìí. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò jùmọ̀ gé àfòmọ́ láti oko dé oko. Kí ẹni tí ó mọ àmì tí a kọ sókè yìí sì fi han àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gun igi, kí wọ́n tó mú ayùn lọ́wọ́.